Ikọ́ Balógun

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọgbọ́n ẹni tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ṣe jìn tó, kó má wo bọ́ọ̀lù tó gbá. Kó wo èyí tó fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni obìnrin tí gbogbo pápá ń pè ní Àǹtí Oníwèé máa ń sọ, ó sì ti sọ ọ́ fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, débi pé àwọn ọ̀dọ́ eléré máa ń sín in jẹ bó bá ti kọjá. Kò bínú sí wọn. Ìwé rẹ̀ ló ń sọ ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa gba ilé lọ, kí ló tún kù tó fẹ́ bínú sí?

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Orí àpótí ló máa ń jókòó sí lẹ́yìn àwọ̀n, nítòsí pátákó funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró tì. Ajubọ́ọ̀lù, géńdé kan tí wọ́n ń pè ní Apá-Irin, yóò wà lọ́ọ̀ọ́kán, yóò máa wo ìka rẹ̀. Bó bá na ìka kan sórí orúnkún, kí Apá-Irin ju èyí tó ń lọ gbọọrọ, tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n lé. Bó bá na ìka méjì, kó ju èyí tó ń yà. Èyí tó ń yà yìí, ẹlẹ́tàn ni: á máa bọ̀ bíi pé ara ènìyàn ló fẹ́ bà, nígbà tó bá kù díẹ̀, á yà bàrà, á já wálẹ̀. Ẹni tó ń gbá a kò gbọdọ̀ rí ìka yẹn. Ojú ara rẹ̀ ni yóò fi mọ èyí tó ń bọ̀. Ẹ̀bi mẹ́ta péré ni òfin sì fún un: bó bá gbá a tí kò bà á, ẹ̀bi kan; bó bá fi èyí tó dáa sílẹ̀ tó kọjá lórí pátákó, ẹ̀bi kan. Bó bá pé mẹ́ta, kó gbé igi tó fi ń gbá a kalẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku ọmọ kan ṣoṣo tí wọn kò tíì yẹ̀ wò. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ga, apá rẹ̀ gùn, ó sì mọ ènìyàn kí. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá. Bàbá náà kí Alága ẹgbẹ́ tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó bọ Apá-Irin lọ́wọ́, ó mi orí sí Àǹtí Oníwèé. Bọ̀dá Ẹfun, tó gbé korobá ẹfun dání tó ń fa ìlà funfun yí pápá ká, kí i láti ibi tó wà. Bàbá náà kò gbọ́. Irú wọn kì í gbọ́ ohùn ẹni tó bá gbé korobá.

Ṣùgbọ́n Àǹtí Oníwèé ti rí i, ó sì mọ̀ ọ́n. Irun ti kúrò níwájú orí, ikùn ti yọ síta, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ á tó owó oṣù ẹni méjì, àmọ́ òun náà ni. Balógun ni.

Ẹ jẹ́ ká dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Bọ̀dá Ẹfun tí ẹ rí yẹn, ẹ̀gbọ́n Àǹtí Oníwèé ni, ọmọ ìyá kan náà. Ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kan náà ni òun àti Balógun wà. Balógun ni olórí ẹgbẹ́, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ yẹn. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun nílé ìyá wọn. Ẹgbẹ́ ńlá kan wá ránṣẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo làwọn máa mú, ọ̀rọ̀ sì kù sáàárín àwọn méjèèjì.

Balógun gbọ́n, a ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti wo ọ̀gá ẹgbẹ́ kejì títí tó fi mọ̀ pé bí ọkùnrin yẹn bá fọwọ́ kan fìlà, èyí tó ń yà ni ajubọ́ọ̀lù rẹ̀ máa jù. Bó bá ti rí i báyìí, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan láti orí bẹ́ǹṣì: ikọ́ gbígbẹ, kúkúrú, bíi ti ẹni tí eegun ẹja fẹ́ há lọ́fun. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù á ti mọ̀. Wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n. Olè ni.

Lọ́jọ́ ìdíje tó kẹ́yìn, Àǹtí Oníwèé jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó jókòó sẹ́yìn bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ike omi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun náà ti mọ àmì fìlà. Ó rí ọ̀gá yẹn tó ká apá méjèèjì mọ́ àyà, tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Balógun sì wúkọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó di igi mú nídìí pátákó, kò sá, ó tilẹ̀ tún tẹ síwájú díẹ̀, ó ń retí kí bọ́ọ̀lù yà.

Kò yà. Ojú òsì ló bá a lọ.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ ohun tó rí, ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pe Balógun. Ó wá, ó dúró láàárín pálọ̀, ó fọwọ́ lé àyà, ó ní, “Ìyá mi, èmi kọ́ ni mo wúkọ́.” Wọ́n gbà á gbọ́. Olórí ẹgbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ta ló máa gba ọmọ ọdún mọ́kànlá gbọ́? Wọ́n ní kó panu mọ́, ìjàǹbá eré ni, ó fẹ́ ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Ìyá rẹ̀ na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pàápàá. Balógun bọ́ sípò tó ṣófo, ó lórúkọ, ó lówó, kò sì padà wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni ọmọbìnrin náà ń fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Kì í ṣe owó, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ó fẹ́ kó dúró lójú ènìyàn, kó sọ òótọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbà á gbọ́. Kó tọ́ ọ wò.

Ẹ padà wá sórí pápá. Alága àti àwọn tó kù wà lábẹ́ ìbòji lápá ọ̀tún. Balógun fi ìbòji sílẹ̀, ó lọ jókòó lóun nìkan sórí bẹ́ǹṣì lápá òsì, nínú oòrùn tó lè din ẹyin. Àǹtí Oníwèé ṣàkíyèsí rẹ̀. Láti orí bẹ́ǹṣì yẹn, ènìyàn lè rí orúnkún rẹ̀ kedere.

Ọmọ náà dé akoto, ó gba igi, ó kí i láti orí èjìká. “Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

Ó na ìka kan. Ọmọ náà gbá a, bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri. Ó na méjì. Ọmọ náà fi í sílẹ̀, bọ́ọ̀lù yà, ó já wálẹ̀ níta pátákó. Méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún fi í sílẹ̀. Ìka kan, gbàà! ó tún lọ.

“Háà!” Alága ti dìde lórí àga. “Kò tiẹ̀ mira! Ẹ̀yin ẹ wo ojú ọmọ yìí bó ṣe mú! Àǹtí, ẹ tètè kọ ọ́ sílẹ̀ o, kí wọ́n má gbà á mọ́ wa lọ́wọ́.”

“Mò ń kọ ọ́, sà.”

Ohun tó ń kọ kì í ṣe ohun tí Alága rò. Ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá, ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù lojú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́, bí ọmọ tó ń wo ọwọ́ ẹni tó ń pín ẹran. Ojú ọmọ yìí kò sí níbẹ̀. Ó ń wo gbogbo ibi, ó ń wo òfìfo. Ọrùn rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: kí Apá-Irin tó gbé apá, á tẹ orí sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé kejì. Àǹtí Oníwèé na ìka méjì, òun náà sì tẹ́tí.

Ikọ́. Gbígbẹ, kúkúrú, bíi ti ẹni tí eegun ẹja fẹ́ há lọ́fun.

Bírò tó mú dání dá ihò sínú ìwé. Ọdún mẹ́tàlélógún, ọkùnrin yìí kò tiẹ̀ pààrọ̀ ikọ́! Ó ti gbé e lé ọmọ lọ́wọ́ bí ogún.

Àmọ́ oníṣẹ́ ni, kò fẹ́ fi ìfura nìkan ṣe é. Ó gbé ìwé lé orúnkún òsì kó lè bo ìka rẹ̀, ó wá na ìka méjì sí Apá-Irin lábẹ́ rẹ̀. Lórí bẹ́ǹṣì, Balógun na ọrùn bí ẹni tó ń wá ọmọ nínú èrò. Kò sí ikọ́. Ọmọ náà ju igi fìì, igi kò ba nǹkan kan, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀. Ẹ̀bi kan. Ó tún bo ìka lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ náà tún gbá afẹ́fẹ́. Ẹ̀bi kejì.

“Kí ló ṣe é?” Alága bi ara rẹ̀. Balógun ti ń nu òógùn ọrùn.

Ọ̀kan ló kù. Ìyá Àǹtí Oníwèé máa ń sọ pé ẹni tó bá gbin ebù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù lé. Ọmọ ọ̀hún rèé, igi lọ́wọ́, ìwọ̀n apá méjì sí i. Kí ló kù? Kó ní kí Apá-Irin ju gbọọrọ sí ojú. Kó wúkọ́. Ikọ́ yẹn, ó mọ̀ ọ́n wú; láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ló ti ń wú u nínú ilé ìwẹ̀, tó ń gbìyànjú láti fi han ara rẹ̀ pé òun kò lá àlá. Ọmọ náà á dúró, á máa retí kó yà.

Ó gbé ìka kan. Ó fi àtàǹpàkò kan àyà: gbọọrọ, sókè, sí ara. Apá-Irin wò ó bíi pé kò yé e.

Ọmọ náà ṣí akoto díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dúró fún mi. Ẹfun ti kó sí mi lójú.” Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ojú òsì ni.

Àǹtí Oníwèé sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àánú ló ṣe é. Ó lè jẹ́ pé àánú wà níbẹ̀, bíi iyọ̀ nínú omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ohun tó rò ni pé bí ojú ọmọ yìí bá fọ́, Balógun á sunkún, gbogbo ayé á bá a sunkún, wọ́n á ní ìjàǹbá eré ni. Ọ̀rọ̀ á tún parí síbẹ̀. Rárá o. Òun kò jókòó ọdún mẹ́tàlélógún de ohun tí wọ́n máa bá Balógun sunkún sí.

Ó gbé ìwé kúrò lórúnkún. Ó na ìka kan ṣoṣo, ó nà án gbọn-in, kí ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì lè rí i dáadáa. Ó fi ọwọ́ kejì júwe àárín pátákó gan-an fún Apá-Irin. Gbọọrọ, kò ga, kò rẹlẹ̀, bọ́ọ̀lù tí ọmọ ilé ìwé lè gbá. Balógun rí i, ó mí kanlẹ̀, ó dákẹ́ bó ṣe yẹ kó dákẹ́. Apá-Irin gbé apá.

Àǹtí Oníwèé yíjú sí apá bẹ́ǹṣì kó lè dà bíi pé ibẹ̀ ló ti wá, ó wú ikọ́ Balógun.

Ọmọ náà gbé igi lé èjìká, ó dúró wò ó. Bọ́ọ̀lù kọjá láàárín pátákó, ó lu àwọ̀n pà. Ẹ̀bi kẹta.

“Èmi kọ́!” Balógun ti fò dìde, bẹ́ǹṣì dojú dé lẹ́yìn rẹ̀. “Èmi kọ́ ni mo wúkọ́! Ọmọ yìí, èmi kọ́ ni mo wúkọ́ yẹn!”

Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tó sọ.

Alága bọ́ sínú oòrùn. “Ọ̀gá, ta ló bá yín sọ̀rọ̀ ikọ́?”

“Rárá o, sà, ohun tí mò ń sọ ni pé...”

“Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná.” Apá-Irin ń bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó ń ka ìka. “Áà! Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ ju èyí tó ń yà ni mò ń gbọ́ ikọ́! Mo rò pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe bàbá! Ikọ́ ni wọ́n fi ń bá a ríran!”

Ọmọ náà tẹ orí mọ́lẹ̀. Nígbà tí Alága bi í, kò purọ́. “Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ ni, sà. Bàbá mi ní kí n má wo ọwọ́ ẹni tó ń jù ú, pé ó máa ń tanni jẹ. Wọ́n ní etí ni kí n lò.”

“Mo gbà!” Balógun pariwo. “Mo wú àwọn tó kù, mo gbà. Ṣùgbọ́n ti ìkẹyìn yìí, mo fi Ọlọ́run búra, èmi kọ́! Ẹlòmíràn ló wú u! Ẹ gbà mí gbọ́!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Olè tó gbà pé òun jí iṣu márùn-ún, tó ń búra nítorí ẹ̀kẹfà. Balógun yíjú sí Àǹtí Oníwèé, ó wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wò ó pẹ́.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” obìnrin náà wí. “Ẹ ò rántí mi. Inú pálọ̀ ìyá mi lẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn ló gbà yín gbọ́.”

Bọ̀dá Ẹfun ti dé ẹ̀gbẹ́ wọn pẹ̀lú korobá rẹ̀. Ó yọ awò dúdú tó máa ń lò. Ibi tí ojú òsì wà tẹ́lẹ̀ rí pẹrẹsẹ bí ẹnu àpò tí wọ́n ti rán pa.

“Ọ̀rẹ́ mi,” Balógun wí. “Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ mọ ikọ́ mi. Bá mi sọ fún wọn. Ṣé èmi ni?”

Bọ̀dá Ẹfun fi ojú kan tó kù wo àbúrò rẹ̀. Ó wò ó títí, obìnrin náà sì mọ̀ pé ó ti mọ̀. Yàrá kan náà ni wọ́n dàgbà sí, ògiri ilé ìwẹ̀ kò sì nípọn. Ó súnmọ́ Balógun, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Lónìí, ìwọ kọ́. Mo mọ̀.”

“Ẹ gbọ́! Ẹ gbọ́ ohun tó...”

“Bọ̀dá Ẹfun,” Alága pè é, “kí lẹ̀yin gbọ́?”

“Èmi, sà?” Bọ̀dá Ẹfun tún awò dúdú fi sójú. “Ìlà ni mò ń fà. N ò gbọ́ nǹkan kan.” Ó gbé korobá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, lápá ẹnu géètì tí ìlà ti parẹ́.

Adùn kan gba ọ̀fun Àǹtí Oníwèé tí kò mọ̀ rí. Balógun ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Báyìí ló ṣe rí nígbà yẹn, bàbá. Báyìí gan-an ló ṣe rí.

Alága fẹ́ lé tọmọ tìyá... ẹ jọ̀ọ́, tọmọ tibàbá síta. Àǹtí Oníwèé ní kó fi ọmọ sílẹ̀. Ó ka ohun tó kọ sókè: “Ọwọ́ yá. Ara dá. Ojú kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.” Ó ní wọ́n lè gba ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n kọ́ ọ láti máa wo ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù. Ẹni tí yóò kọ́ ọ wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù tó ń yà tó o lórí pápá yìí, Bọ̀dá Ẹfun ni. Bàbá ọmọ kò sì gbọdọ̀ tẹ orí pápá náà mọ́ láé.

“Ó máa kọ́ ọmọ mi?” Balógun wí. “Òun?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ mú un lọ sílé bẹ́ẹ̀ bá fẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ tó kù á ti gbọ́ nípa ikọ́ yín kílẹ̀ tó ṣú.”

Ó wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kò wò ó. Ó ti dé akoto padà, ó ti gbé igi, ó ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. “Màá dúró, mà,” ó wí.

Balógun ń lọ. Ibi tó jìn ni géètì wà, ó rìn ín lóun nìkan nínú oòrùn, bàtà olówó ńlá rẹ̀ ń tẹ ìlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà. Àǹtí Oníwèé na ìka méjì. Ní ẹnu géètì, Bọ̀dá Ẹfun da ìyókù korobá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹfun rú sókè, ó bo ọkùnrin náà lójú àti lẹ́nu.

Ó wúkọ́. Ikọ́ gidi ni, kò lè dá a dúró, ó dorí kodò, ó ń wú u, gbogbo pápá ń gbọ́ ọ.

Apá-Irin gbé apá. Ojú ọmọ náà lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò yí ọrùn.